Ẹ béèrè ìwé kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò: ohun tí iṣẹ́ pósítà kọ́ mi l'Ékìtì

Iṣẹ́ flex ni mò ń ṣe l'Adó, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Báńà ìgbéyàwó, ti òkú, ti ìkómọ, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, pósítà la máa ń gbé sùn, pósítà la máa ń gbé jí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó ni mo fi kọ́ ọ, mo sì fẹ́ káwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, àtàwọn tó ń bá olóṣèlú gbé báńà kiri náà. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ihò tẹ́ ẹ máa ri pátákó sí, tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣòfin lórí pátákó, ẹ lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Ọdún 2022 ni, ìbò gómìnà tá a dì lọ́jọ́ 18 oṣù kẹfà. Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ kan gbé iṣẹ́ pátákó mẹ́rìnlá fún mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n sì rì í mọ́lẹ̀ láti Fàjúyì títí dé Òkèṣà. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti gbàṣẹ, ó ní "a ti rí wọn." Mo gbà á gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba "a ti rí wọn" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ni wọ́n rí, níbo ni rìsíìtì wà? Òru la lọ rì wọ́n, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì, nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́ mẹ́sàn-án ti lọ, tigitigi, wọn ò fi ẹyọ ìṣó kan sílẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kó o títí di òní. Ọ̀gá ní òun ò ní san owó tó kù torí pátákó ò sí níbẹ̀, èmi tí mo sì ti fi owó ara mi ra pákó, mi ò rí ibi tí mo fẹ́ fi ẹjọ́ sùn torí kò sí bébà kan lọ́wọ́ mi tó ní ẹnikẹ́ni gbà mí láàyè láti gbé nǹkan kan síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Owó iléèwé ọmọ wà nínú ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, nínú àfikún kẹrin tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló fi àkóso pátákó ìpolówó ìta gbangba sábẹ́ ẹ̀, bó ṣe fi ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù àti kíósì sábẹ́ ẹ̀. Ìpínlẹ̀ náà ní àjọ tó ń rí sí pátákó. Tó bá tún jẹ́ títì ìjọba àpapọ̀, bíi títì Adó sí Àkúrẹ́, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì yẹn ní alákòóso tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa sanwó níbì kan tí ẹlòmíì á sì wá fà á tu, tí àwọn méjèèjì á sì máa sọ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́. Ibi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà lẹ máa mọ ẹni tẹ́ ẹ máa lọ bá. Kẹ́ ẹ sì san owó sí báńkì, kì í ṣe sọ́wọ́ ẹni tó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

Ògiri ilé ẹni ńkọ́? Èyí ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ Furáìdè tó ṣáájú ìbò, wọ́n sọ fún wa pé ká lọ yọ pósítà tó wà nítòsí àwọn ibi ìdìbò. Sítáàṣì la fi lẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ sítáàṣì mọ̀ pé tó bá ti gbẹ sára ògiri, ó parí. A pọnmi gbígbóná, a fi kànìnkànìn rin ín, a wá ń fi abẹ fá a, òjò òru àná ti jẹ́ kí ìdajì rọ̀, ìdajì ò rọ̀. Bí mo ṣe ń fá a ni ọ̀dà ilé ń bá a jáde. Màmá àgbàlagbà kan jáde wá, ó jókòó sórí pèpéle, ó ń wò mí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún Kérésì tó kọjá làbúrò mi kun ilé yìí fún mi. Ṣé kò sí ẹnu lára yín kẹ́ ẹ fi kànlẹ̀kùn ni?" Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ má bínú, Mà. Mo padà lọ kùn ún lọ́sẹ̀ kejì, ṣùgbọ́n àwọ̀ ò bára mu. Látìgbà yẹn, kò sí ògiri tí mo ń lẹ nǹkan mọ́ tí onílé ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé fún mi, kódà kó jẹ́ ìwé pélébé, kó ní ọjọ́ tá a máa yọ ọ́ nínú.

Ìdí tí wọ́n fi ní ká yọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Òfin ìdìbò 2022 tá a lò nígbà yẹn, ìpolongo gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìbò, lọ́jọ́ ìbò fúnra ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àmì, fọ́tò tàbí káàdì ẹgbẹ́ tó jẹ mọ́ ìbò náà hàn láàárín mítà 300 síbi ìdìbò. Ẹ fojú inú wo pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta tá a tò síwájú ara wọn. Fìlà ẹgbẹ́ wà nínú ohun tí òfin náà kà léèwọ̀ níbẹ̀, mọ́tò tó kun àwọ̀ ẹgbẹ́ wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tún máa dúró kiri lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dìbò tán láìnídìí náà wà nínú ẹ̀. Ìyà ẹ̀ nígbà yẹn ni owó ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ dé fìlà tá a pín lọ sí ibùdó ìdìbò wọn, mo gbà á lórí ẹ̀. Òfin yẹn náà ní ká má lo ilé ìjọsìn, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìjọba fún ìpolongo, nítorí náà tí pásítọ̀ bá ní ẹ wá so báńà olùdíje sára ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ má so ó.

Ìjókòó káńsù wá ńkọ́. Lẹ́yìn ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọjọ́ 2 oṣù kejìlá 2023, a gbọ́ pé káńsù kan fẹ́ fi kún owó pátákó. Gbogbo àwa oníflex ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó lọ. Mo ní èmi á lọ. Sẹ́kíọ́rítì ẹnu ọ̀nà bi mí pé "Ta ló pè yín?" mi ò rí èsì fọ̀, mo padà sílé bí adìẹ tójò pa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ wọn pé aráàlú ni mí, iṣẹ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà kàn, mo fẹ́ wá jókòó wò. Mo ní kí wọ́n tẹ sítáǹpù sórí ẹ̀dà tèmi. Ẹ̀dà tó ní sítáǹpù yẹn ni mo nà sí sẹ́kíọ́rítì lọ́jọ́ kejì, kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, ó kàn ní kí n pa fóònù.

Inú yàrá yẹn kò tóbi, fáànù kan ló ń yí, mo jókòó sẹ́yìn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìjókòó kì í ṣe ibi tí àlejò ti ń sọ̀rọ̀. Kò sí àtẹ́wọ́, kò sí "irọ́ ni," tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fídíò ẹ kọ́kọ́ béèrè. Kánsẹ́lọ̀ kan sọ̀rọ̀ kan nípa wa tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó ṣe mí bíi kí n dìde, mo di àga mú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti aago tó sọ ọ́. Ibi tẹ́ ẹ ti lè sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí wọ́n bá pe aráàlú sí àpérò lórí òfin náà. Ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbá òfin, lẹ́yìn kíkà kejì ló máa ń lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ibẹ̀ lẹ máa gbé ìwé yín lọ. Àwọn tó bá dúró di kíkà kẹta ti pẹ́. Ti káńsù yẹn náà, ọwọ́ ìgbìmọ̀ ló wà nígbà tá a kó ara wa jọ, àwa mẹ́fà, a kọ ojú ewé méjì, a sọ iye tí pákó ń jẹ, iye tí flex ń jẹ, àti iye tó ń kù sí wa lọ́wọ́.

Tí wọ́n bá ní ìwé iye owó ò sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ lo òfin FOI, ìyẹn òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ọdún 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí i l'Ábújá, Ékìtì wa yìí ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin tiẹ̀ nínú gbogbo ìpínlẹ̀, lọ́dún náà gan-an. Òfin ti àpapọ̀ fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù sì ti là á mọ́lẹ̀ lóṣù kẹrin 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Èmi kọ lẹ́tà tèmi lọ́jọ́ Ajé, mo tún ní kí wọ́n tẹ sítáǹpù sórí ẹ̀dà mi. Ní Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì wọn pè mí pé kí n wá gbà á. Ojú ewé mẹ́rin ni, iye owó pátákó kékeré wà níbẹ̀, ti ńlá wà níbẹ̀, ti àsìkò ìbò wà lọ́tọ̀. Mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo ọ̀gá tó bá wọlé tó ní "a ti rí wọn," ibẹ̀ ni mo máa ń nawọ́ sí.