Dátà Olówó Pọ́ọ́kú ní Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí MTN àti Econet (tó di Airtel lónìí) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó ìpè. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 61 á san owó ìṣẹ́jú méjì. Glo dé lọ́dún 2003, ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, làwọn yòókù bá tẹ̀ lé e.

Dátà ni wọ́n ń jà sí báyìí, pàápàá látìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, ti fàyè gba àfikún owó tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní 2025. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Under-G, àdúgbò ẹ̀bá LAUTECH, ẹ má wo bónọ́ọ̀sì, iye ọjọ́ tí dátà náà ní ni kẹ́ ẹ wò. Ká ní ₦500 ra 2GB ọlọ́jọ́ méjì, ₦1,000 sì ra 3GB ọlọ́gbọ̀n ọjọ́. Ti àkọ́kọ́ jọ ₦250 fún GB kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo 1GB péré kó tó kú, ₦500 lẹ ra GB yẹn! *323# la fi ń wo dátà tó kù lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kẹ́ ẹ tó ra sim tuntun, ẹ yá ti ọ̀rẹ́, ẹ dán an wò nínú yàrá yín ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí èrò ti pọ̀ lórí òpó. Sim tó ń sáré ní Tákìé lọ́sàn-án lè máa wọ́ nílé.

Bó bá dáa, ẹ má pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ mú NIN lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun náà, kẹ́ ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ẹ kọ́kọ́ ná owó orí sim tán o, kì í bá nọ́ńbà kọjá.