Àmù ìyá àgbà

Àwọn tó máa tẹ táìsì sí yàrá ìyá àgbà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, nítorí náà gbogbo ọmọ ilé ló péjọ sí Òkèlele, ní Ìlọrin, lónìí Sátidé láti kó ẹrù. Ẹrù ọ̀hún ò tó nǹkan: abọ́ tánganran mélòó kan, ajere, ìjábẹ̀, òòyà igi tí eyín rẹ̀ ti ká tán, àti àmù ńlá tó ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá kí n tó dáyé. Bàbá kékeré ní kí àwọn ọmọ gbé àmù náà síta. "Ta ló tún ń mu omi àmù láyé fíríìjì?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ìrọ̀lẹ́.

Mi ò lè rò gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn níbẹ̀, ni mo ṣe ń kọ ọ́ lálẹ́ yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń kà nípa àwọn mùsíọ́mù tí kì í ṣe adé ọba tàbí wúrà ló wà níbẹ̀, bí kò ṣe ohun tí kálukú ń lò nílé. Ní Keswick, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ́ńsù ló ní tirẹ̀. Pẹ́ńsù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún àwọn ọmọ ogun òfúrufú: wọ́n ká àwòrán ilẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ńpáàsì kékeré pamọ́ sábẹ́ rọ́bà ìdí rẹ̀. Bí bàálù bá já sílẹ̀ ọ̀tá, òun ni wọ́n á fi wá ọ̀nà ilé.

Èyí tí mo rò jù ni ti Delhi ní Íńdíà. Ṣáláńgá ni wọ́n kó ìtàn rẹ̀ jọ síbẹ̀, láti ohun tó ti lé ní 4,000 ọdún. Bindeshwar Pathak ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1992. Ó lè pa ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọdún 1970 lọkùnrin yìí ti dá ẹgbẹ́ Sulabh sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ru ìgbẹ́ ẹlòmíì mọ́. Àwa náà ní agbépòó rí. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n á bojú kí ará àdúgbò má baà dá wọn mọ̀. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n tọ́jú garawa wọn kan ṣoṣo sí, inú mi ò sì dùn sí i.

Avanos, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ìlú amọ̀kòkò ni. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù amọ̀kòkò kan níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdì irun obìnrin ló rọ̀ sára ògiri àti àjà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń lọ ló gé irun fún un lọ́dún 1979 kó lè máa fi rántí òun, làwọn mìíràn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń so orúkọ wọn mọ́ ọn. Èmi ò ní fi irun mi sílẹ̀ níbẹ̀ láé. Títí dòní, bí wọ́n bá dirí fún mi tán, mo ṣì ń ṣa èyí tó já sílẹ̀, bí ìyá àgbà ṣe kọ́ wa. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n so mọ́ irun yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ní Zagreb, ní Kroéṣíà, Olinka Vištica àti Dražen Grubišić ń gba ẹrù lọ́wọ́ àwọn tí ìfẹ́ wọn ti túká. Ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀, wọ́n sì rí ilé fún un ní 2010. Àáké kan wà níbẹ̀, àáké bíi ti gbogbo ayé. Ìwé tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sọ pé òun ni ẹnìkan ní Berlin fi ń la àga olólùfẹ́ tó já a sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Àwa náà kúkú ní Èsìẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fáwọn ère òkúta ibẹ̀ lọ́dún 1945 ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère náà lé ní 1,000. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n dirí, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹyọ kan nínú wọn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo lọ bá Ìyá Ràṣídà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, lórí ẹní. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni àmù yìí ti wá?" Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dada ni, ìyá ọkọ ìyá àgbà ló rà á fún un nígbà tó wọlé ọkọ. Wọ́n ní àwọn máa ń lọ wòran níbẹ̀ ní kékeré: wọn á da ìkòkò àtijọ́ dojú dé, wọn á tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ìkòkò á sì ti ara ìkòkò jáde. Ọwọ́ wọn ń mọ ọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo bi wọ́n léèrè ibi tó sán létí rẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí Bàbá kékeré: "Bi í. Ọmọ odó ló fi ń ṣeré."

Bàbá kékeré dákẹ́. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní, "Ìyá lù mí lọ́jọ́ yẹn o."

Wọn ò sọ̀rọ̀ pé kí a gbé e síta mọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo kà á fún Ìyá Ràṣídà. Wọ́n fetí sílẹ̀ dé òpin, wọ́n wá ní, "O ò kọ ìdérí rẹ̀. Igbá ni, ó ti fọ́ kí wọ́n tó bí ọ." Mo kọ ìyẹn náà sí i.