Àyẹ̀wò ọdún: inú sẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n ti fa DNA yẹn yọ?

Ìbéèrè tó wà lókè yìí ni mo fi ń kádìí ọdún. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí jíìnì àńtíbọ́dì (ohun ìjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn) tí kò kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, àfàìmọ̀ kó má ṣìnà, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ dára tó.

Ọ̀dọ̀ Susumu Tonegawa, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Japan, la ti kọ́ ọ. Ní Basel, ní Switzerland, lọ́dún 1976, òun àti Nobumichi Hozumi mú DNA ọlẹ̀ eku, wọ́n mú ti jẹjẹrẹ eku tó ń ṣe àńtíbọ́dì, wọ́n fi ẹ́ńsáìmù BamHI gé méjèèjì, wọ́n sì fi jẹ́ẹ̀lì agarose ya ègé ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré. Nínú ọlẹ̀, ègé tó gbé V (apá jíìnì àńtíbọ́dì tó máa ń yàtọ̀ síra) wúwo tó mílíọ̀nù 3.9 dalton, èyí tó gbé C (apá tí kì í yí padà) sì tó mílíọ̀nù 6.0. Nínú jẹjẹrẹ, ègé kan ṣoṣo, mílíọ̀nù 2.4, ló gbé méjèèjì. DNA ti gé ara rẹ̀, ó sì ti tún ara rẹ̀ so. Tonegawa nìkan ni wọ́n fún ní Nobel ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 1987. Ọlẹ̀ yẹn ni mo máa ń yìn jù: láìsí i, kí ni 2.4 fẹ́ sọ fún wa?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. DNA àwọn ará Ìbàdàn tí gbogbo ayé ń lò láti ìgbà HapMap (iṣẹ́ àgbáyé tó ṣàkọsílẹ̀ ìyàtọ̀ inú DNA ènìyàn), èyí tí wọ́n ń pè ní YRI, inú sẹ́ẹ̀lì B, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń ṣe àńtíbọ́dì, tí wọ́n fi kòkòrò Epstein-Barr sọ di aláìkú ló ti wá. Sẹ́ẹ̀lì B kẹ̀! RAG1 àti RAG2, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA nínú sẹ́ẹ̀lì, ti gé jíìnì àńtíbọ́dì ibẹ̀ tán. Àwọn D (apá kékeré tí wọ́n ń so mọ́ V) àti V tó wà láàárín ibi tí wọ́n so pọ̀ ti dànù, àwọn V tó sún mọ́ D ló sì sábà máa ń fara gbá a. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ lè ní ẹni náà kò ní jíìnì yẹn láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ìyípadà tí sẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe náà lè jọ irú V tuntun. Fún jíìnì risẹ́pítọ̀ (ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń dá àrùn mọ̀) ti sẹ́ẹ̀lì T, ẹ̀jẹ̀ funfun míì, kò séwu: sẹ́ẹ̀lì B kì í sábà fọwọ́ kan tìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ohun tí a máa ń dà nù. Fa ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù EDTA, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì; má lo heparin, torí ó ń dí PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA di púpọ̀) lọ́wọ́. Pò ó mọ́ omi iyọ̀ ní ìlọ́po kan, rọra dà á lé Ficoll 1.077 (omi wíwúwo tó ń ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀) lórí, kí o sì fi centrifuge yí i ní 400 g fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìtẹ búréèkì. Bí o bá tẹ búréèkì, ìpele yóò dàrú. Sẹ́ẹ̀lì B àti T á dúró láàárín bí ìkuukùu funfun, gbogbo ènìyàn á sáré fa ìyẹn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni granulocyte, ẹ̀jẹ̀ funfun tí kì í gé jíìnì àńtíbọ́dì rẹ̀, wà, wọ́n rì mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa. Fi ammonium chloride fọ́ pupa yẹn. Granulocyte ló kù, DNA rẹ̀ kò sì tíì gé ara rẹ̀. Máíkírógíráàmù DNA 1 tó nǹkan bíi ti sẹ́ẹ̀lì 150,000. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sùn mọ́jú ń fa wàhálà: granulocyte á léfòó, á dà pọ̀ mọ́ ti àárín.

Itọ́ ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wà nínú rẹ̀ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sí i níbẹ̀.

Gbèsè tó wọ ọdún tuntun nìyí: gbogbo V tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì B nìkan la ti rí i, mi ò tíì ní kọ ọ́ sílẹ̀ bí ojúlówó, títí a ó fi rí i nínú granulocyte.