Níbo Ni Ìwé Yẹn Wà?

Létà kan ṣoṣo ló mú mi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, S. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbowó ní Glasgow, ìparí ọdún 2022, mo ṣí ìwé owó oṣù mi, mo rí S1257L níbi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà owó orí sí, 1257L ló sì yẹ kó jẹ́, torí Manchester ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí n tó kó wá síbí, kò sì sí létà kankan níwájú nọ́ńbà yẹn nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún. Àyà mi já. Mo rò pé wọ́n ti gbé owó orí ẹlòmíì lé mi lórí ni. Sístà kan tá a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó ló là mí lóye pé S yẹn, Scotland ni, pé ẹni tó bá ti ń gbé ibí, ìjọba ibí ló ń sọ ìdá tí wọ́n máa yọ nínú owó ẹ̀, kì í ṣe London. Ìdá 19 nínú 100 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó di 20, ó di 21, tówó bá wá pọ̀ ó fò sí 42, àwọn tówó wọn ga jù ń san 48 báyìí.

Àtọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbójú kúrò lára àwọn tó ń ná an. Owó tí mo torí ẹ̀ jí ní aago márùn-ún ìdájí, tí mo torí ẹ̀ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò, mo fẹ́ mọ ibi tó ń gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí n yára ṣàlàyé. Bí bàbá ṣe máa ń gé oko fún ọmọ tó ti dàgbà pé kó máa dá tiẹ̀, àmọ́ tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti bàbá, bẹ́ẹ̀ ni London ṣe gé agbára fún Scotland, Wales àti Northern Ireland. Àwọn ará Scotland dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ ní 1997, òfin ẹ̀ jáde ní 1998, ilé aṣòfin wọn gba agbára lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 1999, oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn sójà gbé ìjọba lé àwọn olóṣèlú lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ọlọ́pàá, títì, ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ Edinburgh ló wà. Ọ̀rọ̀ sójà àti físà, ọwọ́ London ló kù sí. Aṣòfin 129 ló wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣòfin nìkan kọ́ niṣẹ́ wọn o, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bi ìjọba pé owó dà, kí lẹ fi ṣe, ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Mo ti lọ síbẹ̀ rí, Holyrood, l'Edinburgh. Ọ̀fẹ́ ni. Mo wọ reluwé ní Queen Street, mo bọ́ sílẹ̀ ní Waverley, mo fẹsẹ̀ rin Royal Mile lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n yẹ báàgì mi wò bí wọ́n ṣe ń ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n ní kí n gòkè lọ jókòó. Ilé yẹn fúnra ẹ̀, £414 mílíọ̀nù ló gbà kó tó parí, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ní 1997 ni pé kò ní ju £40 mílíọ̀nù lọ. Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń da ìbéèrè bo olórí ìjọba tí wọ́n ń pè ní First Minister. Ọ̀pá àṣẹ kan wà níwájú níbẹ̀, fàdákà ni, wọ́n fi wúrà tí wọ́n rí nínú odò Scotland sí i lára, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí i: ọgbọ́n, ìdájọ́ òdodo, àánú, ìwà òtítọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn títí. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ariwo Ọjọ́bọ̀ yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára, ẹni yìí béèrè, ẹni yẹn dáhùn nǹkan míì, àwọn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, àwọn tọ̀hún pariwo. Ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ni yàrá kékeré tí àwọn kọmití ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìwé ní ojú ewé dé ojú ewé, tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá kan lára àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Arran ni wọ́n, erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn fi ń débẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń gbé lọ́hùn-ún, tí ọkọ̀ ò bá rìn, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ yẹn, ọkọ̀ tó ń rìn síbẹ̀ sì ti gbó. Bàbá gé àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọkọ̀ Glen Sannox ni, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í sómi ní Port Glasgow, oṣù kọkànlá 2017, Nicola Sturgeon tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn ló ṣe ayẹyẹ ẹ̀. Bàbá pè mí, "Hen, wá wò ó" (bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin níbí nìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ fi ìfẹ́ pè é), wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ibi fèrèsé ọkọ̀ yẹn, wọ́n ní ọ̀dà nìyẹn, kì í ṣe gíláàsì. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo dé ilé tí mo lọ wádìí ẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n fi ọ̀dà ya fèrèsé sára ọkọ̀ torí iṣẹ́ ò tíì débì kankan.

Oṣù kẹwàá 2015 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ méjì, Glen Sannox àti èkejì ẹ̀, fún Ferguson, ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ní Port Glasgow, £97 mílíọ̀nù, 2018 ló yẹ kí ọkọ̀ méjèèjì ti dé ọwọ́ ìjọba. 2018 dé, kò sọ́kọ̀. Ní 2019 ilé iṣẹ́ yẹn dẹnu kọlẹ̀, ìjọba gbà á. Ìbẹ̀rẹ̀ 2022 wọ́n tún rí i pé ọ̀pọ̀ wáyà tí wọ́n ti fà sínú ọkọ̀ ló kúrú, kò dé ibi tó yẹ kó dé. Oṣù kẹta ọdún yẹn, Stephen Boyle, ọ́díítọ̀ àgbà Scotland, gbé ìròyìn jáde pé ó kéré tán owó iṣẹ́ yìí ti di £240 mílíọ̀nù, ọkọ̀ kankan ò sì tíì gbé èrò kan.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìròyìn yẹn, kì í ṣe iye owó. Ẹ gbọ́ ná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún èèyàn, tẹ́ ẹ sì máa san owó ṣáájú, ẹ máa wá onídùúró, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, pé tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ẹnì kan á dá owó yín padà. Nínú iṣẹ́ yìí, kò sí onídùúró tó tó iye owó. CMAL, ilé iṣẹ́ ìjọba tó máa ni àwọn ọkọ̀ náà, sọ fún ìjọba pé ẹ̀rù ń bà àwọn, ìjọba ṣì ní kí wọ́n máa lọ. Ọ́díítọ̀ wá ní kí wọ́n mú ìwé wá, ìwé tó máa fi yé èèyàn ìdí tí àwọn mínísítà fi gbà láti fi owó ìlú wewu bẹ́ẹ̀, ó wá a tì, ìwé tó rí kò tó láti ṣàlàyé ẹ̀. Owó tó tó báyẹn! Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo bá fún èèyàn ní páńádọ́ọ̀lù méjì, mo gbọ́dọ̀ kọ aago tí mo fún un, kí n sì fọwọ́ sí i.

Àwọn aṣòfin ò wá jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kọmití tó ń yẹ ìṣirò owó ìlú wò, Richard Leonard ti ẹgbẹ́ Labour ni alága nígbà yẹn, àwọn márùn-ún péré, méjì nínú wọn sì jẹ́ ọmọ SNP tó ń ṣèjọba. Oṣù karùn-ún 2022 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé àwọn ti rí íméèlì kan, èyí tó fi hàn pé Derek Mackay tó jẹ́ mínísítà fún ìrìnnà ní 2015 fọwọ́ sí i. Kọmití pe Mackay, ó wá. Wọ́n pe Sturgeon fúnra ẹ̀ ní oṣù kọkànlá, òun náà wá, ó jókòó, ó ń dáhùn. Ìgbà ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni mo wò ó lórí fóònù, tíì mi tutù sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ta ló mọ̀? Ìgbà wo ló mọ̀? Kí ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i? Wọ́n á gba ibí béèrè, wọ́n á tún gba ọ̀hún béèrè.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin n'Ìbàdàn, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n jẹ owó náà ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ olè kọ́ ni mò ń bá yín sọ."

"Tí kì í bá ṣe olè, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ olórí ìjọba lẹ́nu?"

"Ìwé ni wọ́n ń béèrè. Ta ló pàṣẹ, kí ló rí kó tó pàṣẹ."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àwa náà ní òfin yẹn ńbí, àwọn tó máa béèrè ni kò sí."

Òótọ́ ni. Abala 125 nínú ìwé òfin 1999 wa sọ pé kí ọ́díítọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ gbé ìròyìn ẹ̀ síwájú ilé aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí ìṣirò owó bá ti dé ọwọ́ ẹ̀, kí kọmití sì yẹ̀ ẹ́ wò. Abala 128 fún wọn lágbára láti wádìí. Kí lèèyàn rántí nínú ìwádìí tiwa? Oṣù keje 2020, tí ọ̀gá NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, dákú níwájú kọmití l'Abuja, àti "off your mic" tí alága sọ fún mínísítà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Gbogbo wa wò ó, gbogbo wa pín in kiri lórí WhatsApp. ₦81.5 bílíọ̀nù ni wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ yẹn, mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rántí iye ẹ̀. Ó ká mi lára gan, torí ìbéèrè yẹn dáa, ó tọ́ kí wọ́n béèrè ẹ̀, àmọ́ ìdákú nìkan la mú dání.

Mi ò sọ pé ibí yìí ni ọ̀run o. Ọdún méje kí ẹnì kan tó rí íméèlì kan, ìyẹn ò dáa. Àti pé ìbéèrè ò kan ọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń béèrè ni owó ń gòkè sí i. Ìròyìn kọmití jáde ní oṣù kẹta 2023, wọ́n bẹnu àtẹ́ lu bí wọn ò ṣe fi ìwé pamọ́ dáadáa, àwọn ará Arran ṣì ń tò sórí ìlà nínú afẹ́fẹ́. Àmọ́ èmi tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni níbí, èmi tí mo dé lánàá òde yìí, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n bi mínísítà àti gbogbo ohun tó fi dáhùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò bẹ ẹnì kankan, mi ò san kọ́bọ̀.

Oṣù kìn-ín-ní 2025 ni Glen Sannox tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Troon lọ sí Brodick l'Arran. Èkejì ẹ̀, Glen Rosa, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kàn án ní Port Glasgow nígbà yẹn. Ọmọ Bàbá fi fídíò ránṣẹ́, mo gbé fóònù sí wọn lójú, ọkọ̀ ń rọra wọ èbúté, àwọn èèyàn ń juwọ́. Bàbá ò wo àwọn èèyàn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á mọ́ ojú wọn pẹ́kípẹ́kí, wọ́n fi èékánná yẹn tẹ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní, "Gíláàsì ni."