Ọjọ́ tí áàpù ò rí oòrùn

Ọdún Àjíǹde sí oṣù kẹwàá nìkan la máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kọfí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ létí òkun Margate, níbí ní Ìlú Ọba. Mọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ọjọ́ owó nìyẹn. Áàpù tó ń bá wa ka ọjà wo ìtajà tèṣí, ó ní ká ra mílíìkì lítà 40. Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò ló rọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lésìí! Lọ́tẹ̀ yìí oòrùn yọ, èrò ya bò wá bí eṣú. Aago méjìlá ò tíì lù, mílíìkì ti tán.

Àfi bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà ṣe kú. Ẹ̀rọ káàdì kàn ń yí róbótó lójú mi. Bàbá àgbà kan yọ pọ́n-ùn 10 tó ti rún, ó ní, “Ṣé ẹ ṣì ń gba èyí?” Díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀! Ọ̀gá ní ká tẹ offline. Ẹ̀rọ wá ń gba káàdì, ó ń tọ́jú owó pamọ́ títí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á fi dé. Ìgbà tó dé lálẹ́, báǹkì kọ káàdì mẹ́ta. Àwọn tó ni wọ́n ti mu kọfí wọn, wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí London.