Owó Tí Ó Ti Wọlé Lè Jáde: Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí Ó Fẹ́ Dá Ọjà Padà

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ rìsíìtì tí wọ́n ń já fún wa ní ìsọ̀ àti ní ilé ìtajà, gbólóhùn kan máa ń wà níbẹ̀ tí ó sọ pé ọjà tí a bá ti rà ní pípé kò ṣe é dá padà, àti pé owó tí a bá ti san kò ní padà sọ́wọ́ ẹni mọ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn ibi tí agbowó jókòó sí. Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Wọ́n kàn lọ tẹ ìwé rìsíìtì ní Ṣómólú ni, atẹ̀wé sì ti ní gbólóhùn náà nílẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti oníléèsì, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti oníbàtà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹni tí ń ta ẹ̀rọ amómitutù. Nítorí pé ibi gbogbo ni a ti ń rí i, a ti gbà á bí òfin. Kì í ṣe òfin. Owó tí àwọn ènìyàn wa ń pàdánù lórí rẹ̀ ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ ohun tí òfin ilẹ̀ Nàìjíríà wí gan-an, àti ibi tí òfin náà mọ.

Òfin tí ó ni ọ̀rọ̀ yìí ni òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje nínú òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà, tí a mọ̀ sí FCCPA. Ọdún 2018 ni ó wà lára orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Òun ni ó rọ́pò òfin ọdún 1992 tí ó dá àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun náà ni ó sì gbé àjọ FCCPC tí ó wà lónìí kalẹ̀. Kí òfin yìí tó dé, òfin títa ọjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893 ni ilé ẹjọ́ máa ń tẹ̀ lé, òun tí ó wọ ilẹ̀ wa lábẹ́ ìjọba amúnisìn, tí àwọn ìpínlẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn sì sọ di tiwọn. Òfin àtijọ́ yẹn dára níwọ̀n, nítorí ó ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu, kí ó sì wúlò fún ohun tí a torí rẹ̀ rà á. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ pé kí òǹtajà àti òǹrajà fi àdéhùn yẹ àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí sílẹ̀. Ihò yìí ni gbólóhùn ìsàlẹ̀ rìsíìtì ń gbà wọlé.

FCCPA ti dí ihò náà. Abala 104 rẹ̀ sọ pé lórí ọ̀rọ̀ oníbàárà, òfin náà ni ó lékè gbogbo òfin mìíràn, àyàfi ìwé òfin ilẹ̀ wa nìkan. Abala 129 sì sọ pé kò tọ́ kí oníṣòwò fi àdéhùn kankan lélẹ̀ tí yóò gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí yóò yọ oníṣòwò fúnra rẹ̀ kúrò nínú ojúṣe tí òfin gbé lé e lórí. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò já mọ́ nǹkan pé oníbàárà rí gbólóhùn náà kí ó tó sanwó, kò sì já mọ́ nǹkan pé ó tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ohun tí àwọn òǹtajà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ṣebí ẹ rí i lára rìsíìtì?” A rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n rírí tí a rí i kò sọ ọ́ di òfin.

Kí wá ni ẹ̀tọ́ náà? Abala 131 ní ọjà gbọ́dọ̀ dára, kí ó máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, kí ó má lábùkù, kí ó sì lè lò fún ìgbà tí ó bójú mu. Abala 122 ni ó sọ̀rọ̀ ìdápadà gan-an, ọ̀nà méjì ni ó sì là fún wa yàtọ̀ sí ti ọjà tí ó lábùkù tàbí tí ó léwu. Àkọ́kọ́ ni pé bí o bá ti sọ ohun pàtó tí o fẹ́ fi ọjà ṣe fún òǹtajà, tí ó sì tà á fún ọ, tí ó wá hàn láìpẹ́ sígbà tí o gbà á pé kò wúlò fún ohun náà, o lè dá a padà kí o sì gba gbogbo owó rẹ. Èkejì ni ti ọjà tí o kò láǹfààní láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ, tí o sì rí i pé kò bá àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn ọ́ mu, tàbí pé kì í ṣe irú rẹ̀ ni ẹ jọ sọ.

Ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tí ó fi ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn hàn kedere. Àbúrò ìyá mi lọ ra fáànù tí ó ní bátìrì, irú èyí tí a máa ń ṣáájì kí ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ó sọ fún ọmọbìnrin tí ó wà ní ìsọ̀ náà pé bàbá àgbàlagbà kan ni òun fẹ́ gbé e fún, pé bàbá kì í lè sùn nínú ooru, nítorí náà èyí tí yóò fẹ́ di ìdájí ni òun ń wá. Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, èyí á fẹ́ mọ́jú.” Wọ́n tì í bọ iná, ó fẹ́ dáadáa, wọ́n sì já rìsíìtì. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, tí wọ́n ṣáájì rẹ̀ títí tí iná ara rẹ̀ fi fi hàn pé ó ti kún, kò lo wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná kí ó tó dákẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi gbé e padà, tòun ti páálí àti ọ̀rá inú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà fi ìka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, ó ní kí mọ́mì máa bínú, pé ọ̀gá àwọn kì í dá owó padà. Àbúrò ìyá mi kò pariwo. Ohun tí ó sọ ni pé, “Ọmọ mi, n ò sọ pé n ò fẹ́ fáànù mọ́. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún ọ kí n tó sanwó, ìwọ náà sì ní yóò ṣe é. Kò ṣe é. Bá mi pe ọ̀gá rẹ.” Ọ̀gá dé, ó ní kí wọ́n mú nǹkan mìíràn tí owó rẹ̀ bá ti fáànù náà dọ́gba. Wọ́n ní rárá, owó ni àwọn fẹ́, àti pé bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn yóò kọ̀wé sí àjọ FCCPC. Kí ọjọ́ tó rọ̀, owó náà ti wọ àpò ìfowópamọ́ wọn.

Ìpèsè kí ènìyàn mú ọjà mìíràn dípò owó wọ́pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ni ó sì ń gbà á nítorí pé wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe fún wọn. Bí ó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí abala 122 sọ ni owó ní kíkún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ti àbámọ̀ lásán. Ká ní bàtà náà gún régé, kò ya, àwọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó rà á rí nílé tí kò wù ú mọ́. Tàbí ká ní ó dé ìsọ̀ kejì, ó rí i pé wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní owó tí ó kéré sí iye tí òun san. Òfin wa kò fún ẹni bẹ́ẹ̀ ní iye ọjọ́ kankan láti pa èrò dà. Bí òǹtajà bá gbà á padà, inú rere rẹ̀ ni, tàbí ìlànà tí ilé ìtajà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Bí ìlànà bẹ́ẹ̀ bá sì wà, kí a di ilé ìtajà náà mú sí i. Àwọn ará wa tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń sọ fún wa pé lọ́dọ̀ àwọn, ènìyàn lè dá ohun gbogbo padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ìlànà òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2013 fún ẹni tí ó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti fagi lé e láìsọ ìdí kankan, òfin ọdún 2015 sì fún ẹni tí ọjà rẹ̀ lábùkù ní ọjọ́ 30 láti kọ̀ ọ́ kí ó sì gba owó rẹ̀ ní kíkún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ilé ìtajà, tí ó yẹ aṣọ wò, tí ó sanwó, tí aṣọ náà kò sì ní àbùkù, kò ní ẹ̀tọ́ kankan lábẹ́ òfin láti dá a padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Àwọn ilé ìtajà ńláńlá níbẹ̀ ni ó yọ̀ǹda rẹ̀ kí oníbàárà má bàa sá lọ. Ó wù mí kí àwọn aṣòfin wa fún àwa náà ní irú ọjọ́ 14 yẹn fún ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń fi owó ra ohun tí wọn kò fojú kàn.

Títí ìgbà yẹn, ọ̀nà kejì inú abala 122 ni ohun ìjà wa. Bí o bá rí léèsì kan lórí Instagram, tí o sanwó, tí èyí tí wọ́n gbé wá sì fẹ́lẹ́, tí òkúta ara rẹ̀ ń já bọ́ bí o ti ń tú u, o kò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé, kò sì bá àwòrán mu. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti kọ̀ ọ́. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tí ó bójú mu. Òfin kò ka ọjọ́ fún wa, ohun tí mo sì máa ń sọ fún àwọn ènìyàn ni pé kí wọ́n tú ẹrù náà ní ọjọ́ tí ó dé, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òǹtajà ní ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí ó gbé léèsì fún télọ̀ kí ó tó ráhùn ti gba ọjà náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó dákẹ́ títí: àní lábẹ́ òfin 1893 pàápàá, ìdákẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ni a ń kà sí gbígbà.

Àbámọ̀ kan wà tí òfin gba tirẹ̀ rò, èyí ni ti ohun tí a san àsansílẹ̀ fún. Abala 120 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti fagi lé ọjà tàbí iṣẹ́ tí ó ti béèrè fún ṣáájú, ìbáà ṣe gbọ̀ngàn ayẹyẹ, ìbáà ṣe kéèkì, ìbáà ṣe àga àti tábìlì tí ó fẹ́ yá. Òǹtajà lè yọ iye kan nínú owó náà, ṣùgbọ́n iye náà gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n: a ó wo irú ọjà tí ó jẹ́, bí ìfitónilétí náà ti yá tó, bóyá òǹtajà lè rí oníbàárà mìíràn kí ọjọ́ náà tó pé, àti bí wọ́n ti ń ṣe é nínú òwò náà. Ẹni tí ó fagi lé gbọ̀ngàn nígbà tí ọjọ́ ìyàwó ṣì jìnnà réré, tí wọ́n sì ní gbogbo owó rẹ̀ ti wọgbó, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ti ọjà tòkúnbọ̀ kò gùn: abala 117 ní òǹtajà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó hàn gbangba pé àlòkù tàbí àtúnṣe ni. Bí wọ́n bá ta fóònù àlòkù fún ọ bí tuntun, ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ni, kì í ṣe ti àbámọ̀ mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn oníṣòwò tí ó bá ka èyí yóò ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Àwọn oníbàárà kan ń wọ aṣọ lọ sí òde ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wá gbé e padà ní ọjọ́ Ajé pé kò gba àwọn. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí fóònù já sómi, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú páálí. Olè jíjà ni, òfin kò sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn wọ̀nyí jẹ ẹni tí wọ́n ta fírísà tí kò tutù fún níyà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò nílò ẹ̀rí, rìsíìtì sì ni ó ṣáájú. Abala 118 sọ ọ́ di dandan fún òǹtajà láti fún ọ ní àkọsílẹ̀ tí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ra ọjà, ohun tí ó jẹ́, iye rẹ̀ àti owó tí o san. Bí ọjà bá hàn pé ó lábùkù, má lò ó mọ́, má sì gbé e fún oníṣẹ́ ìta tú, nítorí ohun tí òǹtajà yóò kọ́kọ́ wí ni pé ẹni tí ó tú u ni ó bà á jẹ́. Lọ bá òǹtajà, kí o sì fi ìwé tàbí ọ̀rọ̀ orí WhatsApp tì í lẹ́yìn, kí ọjọ́ tí o sọ ọ́ lè wà lákọsílẹ̀. Bí ó bá kọ etí dídi, abala 146 fún ọ láyè láti gbé ẹ̀sùn lọ bá àjọ FCCPC, tàbí láti lọ tààrà sí ilé ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ tirẹ̀ pẹ̀lú, LASCOPA. Èkó tún ni a ti dá ilé ẹjọ́ àwọn gbèsè kéékèèké sílẹ̀ ní ọdún 2018, fún owó tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ìwé ìbéèrè owó ni o máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí òǹtajà kí o tó pe ẹjọ́ níbẹ̀, o sì lè rojọ́ fúnra rẹ láìgba agbẹjọ́rò. Nígbà tí o bá ń kọ ìwé náà, dárúkọ abala 122 àti abala 129 nínú rẹ̀, kí o sì fi abala 155 kún un, èyí tí ó sọ pé oníṣòwò tí ó bá tẹ ẹ̀tọ́ oníbàárà lójú lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún márùn-ún lọ jura, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí ó lè tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, tàbí méjèèjì pọ̀.