Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹ̀yin ìyá tọ́mọ yín wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: tó bá ti di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. A lo oògùn ibà, a lo oògùn aràn, kò lọ.

Lóru ọjọ́ kan, mo dìde láti lọ tọ̀, mo rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn bálùwẹ̀. Ọmọbìnrin mi jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì omi, fóònù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún, ó kàn ń wò ó. Mo bá a wò ó. Ẹnì kan ti ya fọ́tò rẹ̀ ní kíláàsì níbi tó ti sùn lọ lórí tábìlì, tẹ́nu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di sítíkà, àwòrán kékeré tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn nínú gúrúùpù WhatsApp wọn. Wọ́n gbé orí ọmọ mi lé ara ewúrẹ́, wọ́n kọ "Ìyá Olóorun" sábẹ́ rẹ̀. Bá a ṣe ń wo ọ̀kan ni òmíràn ń wọlé. Ọmọ kan tó máa ń jẹ ìrẹsì nílé mi ní Sátidé, tó ń pè mí ní Mọ́mì, òun náà wà níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ọmọ mi ni, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù mi." Kò tíì ráyè sọ pé wọ́n ń fòun ṣẹ̀sín.

Mi ò gbà á. Bàbá rẹ̀ ní kí n gbà á, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbà á, àwọn tá a jọ ń ta aṣọ ní Gbági náà dá sí i. Ṣé tí mo bá gbà á, sítíkà á kúrò lórí fóònù àwọn tó kù ni? Òun nìkan ni ò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ, á sì tún wọ kíláàsì bá wọn lọ́la. Tí òmíràn bá sì dé, kò ní sọ fún yín mọ́. Mi ò kẹ́ ọmọ bàjẹ́ o, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ya screenshot lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ohun tó lé ní ọjọ́ méjì láti pa á rẹ́ kúrò lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tá a fi dé iléèwé, wọ́n ti pa á rẹ́ lóòótọ́. Igbákejì ọ̀gá ní ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù kì í ṣe tiwọn. Mo ṣí fọ́tò fún un: tábìlì wọn, yunifọ́ọ̀mù wọn, pátákó wọn lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún rán an létí pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ò fàyè gba kéèyàn ṣe ọmọ léṣe, ì báà jẹ́ lára tàbí lọ́kàn. Ká ní mo ti gba fóònù, kí ni ǹ bá fi hàn án?

Wọ́n pe àwọn òbí, wọ́n tú gúrúùpù náà ká, olùkọ́ agbaninímọ̀ràn sì ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ó ti ń jẹun.

Ẹ lè tẹ Report náà: ọ̀rọ̀ márùn-ún tó kẹ́yìn máa dé ọ̀dọ̀ WhatsApp, ẹni tẹ́ ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ò sì ní mọ̀. Kí wọ́n má bàa tún fà á wọ gúrúùpù míì, ẹ wá Groups lábẹ́ Privacy, kẹ́ ẹ yàn My contacts except, kẹ́ ẹ sì mú orúkọ àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín, nítorí nọ́ńbà àwọn ọmọ kíláàsì ti wà nínú fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí fóònù máa sùn ní pálọ̀ báyìí. Ká ní èmi ni mo fipá gbà á ni, a ò bá ṣì máa jà.